Ẹni Tó Dákú Nínú Yàrá Ìtọ́wò

"Màmá, ẹ jí! Màmá!"

Lórí eékún ni ìyàwó ilé wà tó ń pariwo bẹ́ẹ̀, orí ìyá ọkọ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ojú Màmá là díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni. Mímí rẹ̀ á lọ, á dúró, á tún lọ, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun mí ẹ̀ẹ̀kan sí i tàbí kí òun jẹ́ kó tán síbẹ̀.

Kò tíì pé wákàtí méjì tí obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin yìí ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ṣokoléètì àti kọfí ni wọ́n bẹ̀ wò, àwọn mẹ́rin: ọkọ tó jẹ́ télọ̀, ìyàwó tó jẹ́ tíṣà, ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún mẹ́wàá, àti Màmá. Ọmọ náà ló béèrè ibi tí ṣokoléètì ti ń wá kó tó dé inú bébà. Bàbá rẹ̀ ní nígbà ìsinmi àwọn yóò lọ wò ó.

Wọ́n wò ó lóòótọ́. Obìnrin tó ń mú àlejò yí ilé-iṣẹ́ ká, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Ṣokoléètì, fi bí wọ́n ṣe ń yan kòkó hàn wọ́n, àti bí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Wọ́n rí bí ọlọ ẹ̀rọ ṣe ń lọ kòkó líle títí tó fi di ohun tó ń ṣàn bí epo. Màmá ní tí wọ́n bá lọ òun báyẹn, bóyá orúnkún òun á tún rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ síbi tí kọfí ti ń ta pọ́ pọ́ nínú ìkòkò ayíbírí. Níkẹyìn, wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá ìtọ́wò lókè. Ibẹ̀ ni Màmá ti ń tòògbé lórí àga. Wọ́n rò pé àtẹ̀gùn ló rẹ̀ ẹ́, àfi bó ṣe yọ́ ṣubú.

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé e lọ. Ọlọ́pàá méjì tó kọ́kọ́ dé ní kí ẹnikẹ́ni tó wà nínú yàrá náà má kúrò. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọ́n sì kó gbogbo wọn sí ọ́fíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkọ ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ìyàwó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Òórùn ṣokoléètì tó dùn mọ́ wọn láàárọ̀ ti ń kọ́ wọn lọ́fun.

* * *

Obìnrin kúkúrú kan wọlé, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Màmá Pẹ̀lẹ́ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí kò sí ẹni tí kì í kí. Wọ́n ní olè kan ti dáhùn pé "ẹ ṣeun, mà" kó tó mọ̀ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ òun.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo yín," ló wí.

Fóònù rẹ̀ dún kó tó jókòó. Dókítà ni. Ó gbé e sétí, ojú rẹ̀ sì yí padà bó ṣe ń gbọ́.

"Ó gbé nǹkan kan mì," dókítà wí. "Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè jáde kó tó di ọ̀la, ọkàn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i. Oògùn méjì ló wà níwájú mi. Bí mo bá lo èyí tí kò bá ohun tó mu mu, èmi ni mo máa pa á. Ẹ bá mi wádìí rẹ̀."

"Wákàtí mélòó lẹ fún mi?"

"Wákàtí kan. Bóyá kó má tó bẹ́ẹ̀."

Màmá Pẹ̀lẹ́ fi fóònù sápò. Ó wo aago ara ògiri: agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Kí ni Màmá jẹ, kí ni wọ́n mu, látìgbà tí ẹ ti dé?"

"Ṣokoléètì," Àǹtí Ṣokoléètì dáhùn kíá. "Odindi kan ni mo dá sí wẹ́wẹ́, mà. Gbogbo wa la jẹ níbẹ̀, ọmọ náà sì jẹ ju ẹnikẹ́ni lọ."

"Àti kọfí," ọkùnrin arúgbó kan fi kún un. Irun orí rẹ̀ funfun, ó sì wọ ẹ̀wù funfun. Baba Ahọ́n ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tọ́ kọfí wò nílé-iṣẹ́ náà. "Kẹ́tùrù kan náà ni mo fi da kọfí fún gbogbo àgbà. Orí àwo ni ife wà, kálukú ló mú tirẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ mú."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mi orí. Bí ṣokoléètì bá jẹ́ ọ̀kan, tí kọfí bá jẹ́ ọ̀kan, tí Màmá sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan ife, báwo ni májèlé ṣe mọ ẹni tó máa mú?

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi!"

Ọkọ ló sọ ọ́. Gbogbo wọn yí ojú sí i.

"Òun ló máa ń tọ́jú oògùn ọkàn tí Màmá ń lò. Ó fún wọn ní ọ̀kan nínú yàrá yẹn. Láti ìgbà tí Màmá ti kó dé ọ̀dọ̀ wa, oṣù mẹ́ta, ojú rẹ̀ kò túká sí wọn rí."

"Èmi?" ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi tí mò ń jí wẹ ẹsẹ̀ wọn láràárọ̀?"

"Mo ní kí wọ́n béèrè ni."

"O ò ní kí wọ́n béèrè. O ti dá mi lẹ́jọ́."

Ọmọbìnrin wọn bú sẹ́kún. Màmá Pẹ̀lẹ́ kò dá sí tọkọtaya náà. Ó na ọwọ́, ìyàwó sì yọ páálí oògùn kúrò nínú báàgì fún un. Oògùn pupa kéékèèké ni, wọ́n fi bébà dídán lé e lójú, wọ́n sì kọ ọjọ́ àti àkókò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀sán òní ṣófo. Ti alẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

"Ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀," ọkọ wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe." Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ lóṣòó níwájú ọmọ náà. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìwọ rí oògùn yẹn?"

"Èmi ni mo yọ ọ́," ọmọ náà wí láàárín ẹkún. "Màmá ní ìka tiwọn kò lágbára mọ́. Mo fi àtàǹpàkò tì í, ó bọ́ sí ọwọ́ wọn. Màámi kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, páálí nìkan ni wọ́n gbé fún mi."

"Pupa ni?"

"Pupa ni."

Ìyàwó ilé bo ojú. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Kí ni Màmá wá fi gbé e mì?" Màmá Pẹ̀lẹ́ béèrè. "Kọfí gbígbóná?"

"Rárá o. Omi ni."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dìde díẹ̀díẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbàlagbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnì kan tó ka omi mọ́ ohun tí Màmá mu.

"Níbo ni omi ti wá?"

"Inú ìgò Baba Ahọ́n," ọmọ náà wí. "Màmá ní omi náà korò. Gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín."

Baba Ahọ́n fọwọ́ ti tábìlì. "Olúwa ò! Èmi ni mo sọ fún wọn pé kọfí ló ṣì wà ní ahọ́n wọn."

* * *

Nínú yàrá ìtọ́wò, ìgò náà wà níbi tó wà látàárọ̀, lórí tábìlì gígùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mẹ́ta tí èso kọfí yíyan wà nínú wọn. Ìgò tó dúdú díẹ̀ ni, omi inú rẹ̀ kù ju ààbọ̀ lọ. Màmá Pẹ̀lẹ́ gbé e wo nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ìyẹ̀fun funfun tín-ín-rín kan wà nísàlẹ̀.

"Ta ló ń mu níbẹ̀, Bàbá?"

"Èmi nìkan. Kọfí tí mo bá tọ́ wò, mo máa ń tu ú dànù ni. Ẹni tó bá gbé ogójì ife mì lóòjọ́, ọkàn rẹ̀ á fò jáde. Omi tí mo fi ń fọ ẹnu nìkan ni mò ń gbé mì."

"Ẹ ti mu ún lónìí?"

"Rárá. Eré ni mo ṣe fún àlejò. Agogo mẹ́ta ni iṣẹ́ gidi. Àwọn oníbàárà ń bọ̀ wá gbọ́ ohun tí mo máa sọ nípa kọfí tuntun yìí." Ó nawọ́ sí abọ́ mẹ́ta náà.

"Nígbà náà, kì í ṣe Màmá ni wọ́n fẹ́ mú," ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. "Ẹ̀yin ni."

Arúgbó náà wá àga jókòó.

Òun fúnra rẹ̀ ló bu omi sínú ìgò ní agogo mẹ́jọ, ó sì lọ jẹun. Èèyàn mẹ́ta ló wọ yàrá náà lẹ́yìn rẹ̀: Àǹtí Ṣokoléètì tó to àga, ìyá tó ń gbá ilẹ̀, àti olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí tó gbé abọ́ kọfí wá. Ẹni ìkẹyìn yìí ni wọ́n ń pè ní Kọ́kọ́rọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ tó ń ró wọnwọn ní ìgbànú rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì, ọ̀kan nínú ọlọ́pàá méjì tó kọ́kọ́ dé, lọ pè wọ́n. Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Àǹtí Ṣokoléètì ló kọ́kọ́ wọlé. "Mà, ẹ gbà mí, ṣé ìyá yẹn máa kú? Èmi ni mo ní kí wọ́n gun òkè wá."

Ìyá agbálẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lápò. "Ṣé wọ́n á kú ni, mà?"

"Kí ló wà lápò yín, Ìyá?"

Ó kọ̀, kò yọ ọ́. Sájẹ́ǹtì bá a yọ ọ́: bébà tí wọ́n ká, ìyẹ̀fun funfun nínú rẹ̀.

"A ti rí i!" sájẹ́ǹtì kígbe, ó sì ti ń wá nọ́ńbà dókítà.

"Dúró ná." Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bu ìyẹ̀fun náà díẹ̀ sínú ife, ó da omi ẹ̀rọ lé e, ó sì fi ìka rò ó. Ìfófòó kún ife, ó ń ṣàn sórí tábìlì.

"Ọṣẹ ni," ìyá agbálẹ̀ wí, omijé lójú rẹ̀. "Ọṣẹ ilé-iṣẹ́ ni mo bù, mà. Èyí tí mo máa fi fọṣọ ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi."

"Ẹ dá a padà sáyè rẹ̀. Ẹ máa lọ jókòó."

Ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ báyẹn. Kọ́kọ́rọ́ wọlé kẹ́yìn, ọkùnrin gíga, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, ìdáhùn rẹ̀ ṣe ṣókí. Agogo mẹ́sàn-án lòun gbé abọ́ wá. Òun kò pẹ́ níbẹ̀. Òun kò rí ẹnì kankan.

"Ẹ fẹ́ bi mí ní nǹkan kan?" Màmá Pẹ̀lẹ́ wí.

Kọ́kọ́rọ́ fi ahọ́n ra ètè. "Ìyá náà... ṣé wọn ò tíì jí?"

"Wọn ò tíì jí."

Ó jáde. Sájẹ́ǹtì wo ọ̀gá rẹ̀, tó dúró sójú kan.

"O gbọ́ ohun tó sọ?"

"Ó béèrè ara ìyá náà ni, mà. Gbogbo wọn ló béèrè."

"Àwọn méjì béèrè bóyá ó máa kú. Ọkàn wọn kò kúrò lórí ikú, torí wọn ò mọ ohun tó wọ inú rẹ̀. Òun nìkan ló ń retí pé kó jí. Ẹni tó mọ̀ pé oorun ni, òun ló ń retí jíjí."

"Kí a mú un, mà!"

"Kí o sọ kí ni fún dókítà? Pé mo rò pé oorun ni? Oògùn oorun kò lóǹkà. Bí a bá fi ipá mú un, á dákẹ́, á ní òun fẹ́ rí lọ́yà, ìyá oníyàá á sì kú síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo nílò, nísinsìnyí." Ó yíjú sí Baba Ahọ́n. "Bàbá, ṣé ẹ fọkàn tán mi?"

* * *

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí yàrá ìtọ́wò. Ìgò náà wà lórí tábìlì. Wọn ò mọ̀ pé omi inú rẹ̀ ti wà nínú ike tí sájẹ́ǹtì dì pa sínú báàgì rẹ̀, àti pé omi ẹ̀rọ lásán ló wà níbẹ̀ báyìí.

"Ẹ má bínú pé mo dá yín dúró," Màmá Pẹ̀lẹ́ wí. "Oògùn tí ìyá náà lò nílé ló da ara rẹ̀ láàmú. Kò sí ohun tó ṣe omi yín. Bàbá, àwọn oníbàárà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹ fọ ẹnu yín, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Baba Ahọ́n gbé ìgò. Ó da omi kún ife. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń wò, kò sì fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Àǹtí Ṣokoléètì ń wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. Ìyá agbálẹ̀ ń nu omijé. Kọ́kọ́rọ́ wo ife, ó wo ògiri, ó tún wo ife. Ìró wọnwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gba yàrá kan, nítorí kò lè dúró sójú kan mọ́.

Baba Ahọ́n gbé ife dé ẹnu.

"Ẹ má mu ún!"

Kọ́kọ́rọ́ ti fò síwájú. Ó gbá ife náà sọnù, ó fọ́ yángá mọ́ ògiri. Gbogbo èèyàn dúró ṣinṣin. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni.

"Kí lẹ fi sínú rẹ̀?" Màmá Pẹ̀lẹ́ bi í. Fóònù ti wà létí rẹ̀, dókítà sì ti gbé e ní òdìkejì. "Kí ni orúkọ rẹ̀? Mélòó?"

"Oògùn oorun mi. Mẹ́wàá. Mo lọ̀ wọ́n." Ó yọ páálí tó ti fún pọ̀ kúrò lápò ẹ̀yìn. "Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, mo fi ọmọ mi búra."

Sájẹ́ǹtì já páálí gbà, ó ka orúkọ rẹ̀ lẹ́tà lẹ́tà sínú fóònù. Ní òdìkejì, dókítà wí pé, "Mo ti gbọ́," ó sì já ìpè náà.

"Kí ni mo ṣe ọ́?" Baba Ahọ́n béèrè.

Kọ́kọ́rọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òrùlé ilé ìkẹ́rùsí ti ń jò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wí. Ó rí i, ó ní òun á tún un ṣe lọ́la. Lọ́la kò dé. Nígbà tó máa fi kó àpò kọfí òkè kúrò, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti bu. "Ẹ ò bá ti mọ̀ bí ẹ bá ṣe fa kọfí rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, lójú àwọn oníbàárà. Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí á wá parí sí ẹ̀gàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ sùn di ọ̀la. Mo fẹ́ ráàyè ṣa àwọn tó dára jáde."

"Ahọ́n tí ò ń bẹ̀rù yẹn," arúgbó náà wí jẹ́jẹ́, "ìwọ rò pé kò ní mọ omi tó korò? Mi ò bá ti tu ú. Àlejò nìkan ló lè gbé e mì."

Kọ́kọ́rọ́ kò ro ibẹ̀ rí. Ọwọ́ méjèèjì ló nà fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

* * *

Ní ilé ìwòsàn, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n gbé Màmá sí. Ìyàwó jókòó ní ìpẹ̀kun kan, ọkọ ní ìpẹ̀kun kejì. Ọmọ wọn sùn sáàárín. Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì kan kò lè dún kí àwọn méjèèjì má gbé orí sókè.

Agogo márùn-ún kọjá kí dókítà tó jáde. Ó nu ojú rẹ̀.

"Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ ti gbéra padà. Ká ní ó pẹ́ sí i ni..." Kò parí rẹ̀. "Ó ti lajú. Ẹ lè wọlé, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ìyàwó ti wọlé kó tó panu dé. Ọkọ dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró.

Màmá Pẹ̀lẹ́, tó wá gba àkọsílẹ̀, bá a níbẹ̀.

"Ẹ ò wọlé?"

"Mà, ẹ rí ohun tí mo sọ sí i lójú gbogbo ayé." Ó gbé ojú sókè. "Báwo ni mo ṣe máa wò ó?"

"Ẹni tó da oògùn sómi, mo ti rí i," ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. "Èyí tí ẹ̀yin dà, kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá." Ó rọra tì í léjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nínú yàrá, Màmá dùbúlẹ̀, ó kéré ju bó ṣe rí láàárọ̀ lọ. Ó di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, kò sì wo ibòmíràn. Ọkọ lọ sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó kúnlẹ̀.

"Dákun," ó wí. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ń wá ẹni tí mo máa dì mú, ìwọ ló sún mọ́ mi jù."

Ìyàwó rẹ̀ ń wo ọwọ́ Màmá nínú tirẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò wẹ̀yìn.

"Ẹsẹ̀ Màmá tutù," ó ní. "Dìde nílẹ̀, kí o bá mi fọwọ́ ra ti ọ̀dọ̀ rẹ yẹn."

Ó dìde, ó sì gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kan sáàárín ọwọ́ méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ mú èkejì.